Àwọn Tó Gbé Kámẹ́rà Lọ Sórí Sàréè Falilat

Èmi àti Sàlímọ́tù la jọ ń ṣe tìmùtìmù nítòsí ọjà Mile 3 ní Port Harcourt. Èmi Àtinúkẹ́, ọmọ Ọ̀yọ́, ni mò ń fi maṣíìnì rán àpò rẹ̀. Sàlímọ́tù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń ki òwú àràbà sínú rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yẹn rí yóò rò pé kò ju kí ènìyàn rọ́ òwú sínú àpò kó sì dì í lẹ́nu. Irọ́ ni. Òwú àràbà fúyẹ́, ó ń fò, ó ń wọ imú, ó ń lẹ̀ mọ́ irun bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ sílé. Bí wọn kò bá sì ki í dáadáa, kò ní pẹ́ tí àárín tìmùtìmù náà yóò fi wọlẹ̀, tí etí rẹ̀ yóò ga, tí ẹni tó sùn lé e yóò máa jí pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Èyí tí Sàlímọ́tù bá ki kì í wọlẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ìtàn àwọn aláriwo tí wọ́n ń kun ojú ara wọn sára mọ́tò kiri ìlú. N óò dárúkọ wọn nítorí pé mi ò lè sọ tirẹ̀ kí n má kan tiwọn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kà wọ́n kún ènìyàn.

Ọkọ Sàlímọ́tù ló mú un wá sí Port Harcourt. Ọkọ náà kú, ó sì fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, Falilat. Ibẹ̀ la bí Falilat sí, Pidgin sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ọmọ tó ga, tó ń rẹ́rìn-ín láti òkèèrè kó tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Òun ló ń lọ bá wa gba òwú lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé Eneka, nítorí àwọn ni wọ́n ní igi àràbà lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó bá padà dé, gbogbo orí rẹ̀ á funfun, àwa á sì máa pè é ní ìyá àgbà.

Ọkùnrin kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Làtífù. Ó ń tún rédíò ṣe. Aṣọ pupa ló máa ń wọ̀, á sì fi òróró pa irun títí yóò fi máa dán. Ó ní òun fẹ́ Falilat, Falilat ní òun kò fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1967, Làtífù lọ dúró dè é lójú ọ̀nà Eneka lọ́sàn-án gangan, ó sì pa á. Mi ò ní sọ bó ṣe pa á. Àwọn tó ń sọ bó ṣe pa á ni mo jókòó bú yìí.

Ọlọ́pàá mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ wá wo bí ènìyàn ṣe kún kóòtù yẹn. Kì í ṣe nítorí ọmọ tó kú, nítorí Làtífù ni. Wọ́n ní ó wọ súùtù aláwọ̀ eérú, wọ́n ní ó ń rẹ́rìn-ín sí adájọ́, wọ́n ní ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Obìnrin kan ládùúgbò wa tilẹ̀ ní ó ṣe òun láàánú pé irú ọkùnrin tó rẹwà bẹ́ẹ̀ yóò kú. Mi ò kí obìnrin náà mọ́ títí di òní. Adájọ́ dá ẹjọ́ ikú fún un, ṣùgbọ́n okùn kò tíì dé ọrùn rẹ̀ tí ibà fi pa á lẹ́wọ̀n. Ibà lásán.

Ọjọ́ tí Falilat kú náà ni wọ́n sin ín, nítorí Mùsùlùmí ni wọ́n. Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ̀ pé òbí kì í rí òkú ọmọ, kì í sì í mọ ojú sàréè rẹ̀. Bàbá Àkíbù, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Diobu, àdúgbò wa, ló dúró ti ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí Sàlímọ́tù má jáde nínú yàrá. Àwa obìnrin di ilẹ̀kùn mú. Àwọn kan lọ wẹ òkú náà ní ilé ìwòsàn, àwọn ọkùnrin sì gbé e lọ sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí. Nígbà tí wọ́n padà dé, Bàbá Àkíbù kó gbogbo àwọn tó mọ ojú sàréè náà jọ, ó sì ní ẹni tó bá fi han ìyá rẹ̀, òun àti onítọ̀hún kò ní jọ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Gbogbo wọn búra. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ náà, mo ní àgbà wà nílùú.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sí ẹni tó pe Sàlímọ́tù ní Ìyá Falilat mọ́. Ìyá Onítìmùtìmù ni gbogbo ènìyàn ń pè é, èmi nìkan ni mò ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an, nítorí ẹgbẹ́ ni wá. Bó bá ń lọ sáàárín ìlú, kì í gba ojú ọ̀nà itẹ́ òkú náà kọjá. Á yí gba ẹ̀yìn ọjà, ọ̀nà jíjìn, nínú ẹrọ̀fọ̀.

Mo bi í léèrè nígbà kan bó ṣe ń ṣe é tó fi ń rí oorun sùn. Ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Falilat jáde kẹ́yìn, òun rí i pé òwú ti àná ṣì wà lórí rẹ̀, lápá ọ̀tún. Òun pè é pé kó wá kí òun bá a yọ ọ́. Ọmọ náà yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Mama, leave am, e fine so,” ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Sàlímọ́tù ní bí òun bá ti pa ojú dé, ohun tí òun ń rí nìyẹn, nítorí òun kò rí òkú, òun kò rí sàréè, kò sí nǹkan mìíràn tó lè bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní ìyẹn ló kù fún òun. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni, nítorí mo ti rí i tó ń dá rẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́.

Ogun dé láàárín ọdún náà, gbogbo wa sì sá. Sàlímọ́tù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, èmi lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún 1969 la padà, nígbà tí ìlú ti wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ilé ò ní ilẹ̀kùn, wọ́n ti jí tìmùtìmù gbogbo ìlú kó, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ènìyàn ń sùn. Iṣẹ́ dé fún wa débi pé a kò ráyè họ ara. Àwọn ṣọ́jà tó jẹ́ Yorùbá ń wá láti bárékè, gbogbo wọn ń pè wá ní ìyá, wọ́n ń dá àpárá, a sì ń bá wọn dá a. Ó jọ pé ayé fẹ́ tún dára.

Ìgbà tó di ọdún 1970 tí ogun parí ni Adébíyìí òṣèré wọ ìlú.

Ó kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá nínú bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n kun ojú rẹ̀ sí lápá méjèèjì, ojú náà sì kéré sí ti ara rẹ̀ lọ́jọ́ orí ní ogún ọdún ó kéré tán. Eré apanilẹ́rìn-ín ló ń ṣe fún àwọn ṣọ́jà. Níbi tí wọ́n ti ń mu ọtí lẹ́yìn eré ni ẹnìkan ti sọ ìtàn Làtífù fún un, ojú rẹ̀ sì là. Ó ní tẹlifíṣọ̀n yóò ra irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun, pé ìtàn tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni ayé ń fẹ́ báyìí, pàápàá ti apànìyàn. Ó wá Dagogo rí, ọ̀dọ́kùnrin ayàwòrán kan ní Diobu tó ti ra kámẹ́rà tó ń ya sinimá lọ́wọ́ ṣọ́jà kan. Ó wá ọmọbìnrin kan rí, Ibiere, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Kalabari tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀bú, pé kó ṣe Falilat. Ta ni yóò wá ṣe Làtífù? Òun Adébíyìí fúnra rẹ̀ ni. Ọkùnrin tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, tó ń kun irun ní dúdú, tí dúdú náà ń ṣàn bá òógùn wọ ọrùn aṣọ.

Ó wá bá wa ní ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Falilat.” Maṣíìnì mi dúró. Sàlímọ́tù kò gbójú sókè, ó ń ki òwú rẹ̀ lọ. Adébíyìí jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un ní àga, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé eré náà yóò kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́kọ̀ọ́, pé orúkọ Falilat kò ní parẹ́ láéláé. Ó béèrè aṣọ tí ọmọ náà máa ń wọ̀. Ó béèrè bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ṣé ó máa ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ọkùnrin, nítorí ó yẹ kí òǹwòran rí nǹkan tó mú Làtífù bínú.

Sàlímọ́tù ní, “Ta ni yóò ṣe Làtífù?”

Ó fọwọ́ sí àyà, ó ní òun ni.

Sàlímọ́tù wá gbójú sókè. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, “Ó bá yín mu.”

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ọkùnrin náà dúpẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀.

Ìgbà tí inú rẹ̀ dùn tán ló wá sọ ìparí eré náà fún wa. Wọn yóò gbé pósí lọ sí itẹ́ òkú, ìyá ọmọ yóò sì wó lulẹ̀ sórí sàréè, yóò máa yí gbiri. Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé. Mo ní pósí wo, ọmọ Mùsùlùmí? Mo ní ìyá wo nílẹ̀ Yorùbá ló ń lọ sí ìdí sàréè ọmọ rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé. Ó ní nínú sinimá àwọn ará Íńdíà, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ènìyàn ti máa ń sunkún. Ọmọ Yorùbá ni o, kẹ́ ẹ má rò pé wọ́n jù ú sílẹ̀ láti ojú ọ̀run.

Sàlímọ́tù kò bá a jà. Ó kàn fi òwú sílẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣe é bó bá ṣe wù yín, mi ò lágbára láti dá yín dúró. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún. Ẹ má jẹ́ kí n rí i.” Adébíyìí fọwọ́ sọ àyà pé Ọlọ́run gbọ́, Sàlímọ́tù kò ní rí i.

Mo gba ilé Bàbá Àkíbù lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé bó bá fọhùn, eré náà kò ní wáyé ní Diobu. Ẹ mọ ibi tí mo bá a? Ó dúró láàárín pálọ̀, wọ́n ń wọn ẹ̀wù dúdú fún un. Adébíyìí ti ní kó wá ṣe adájọ́. Irun adájọ́ tí wọ́n fi òwú ṣe ti wà lórí àga, ó sì ń yọjú wò ó léraléra. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò jáde. “Wọ́n” ni mo máa ń fi pe àgbà náà tẹ́lẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti sọ ọ́ di “ó”.

Ohun tí kò sọ fún mi ni pé Adébíyìí ti bi í léèrè ibi tí sàréè náà wà, nítorí ó fẹ́ kí nǹkan jọ òótọ́, òun náà sì ti mú un lọ síbẹ̀. Ẹni tó fi ìbúra dí gbogbo ìlú lẹ́nu. Irun adájọ́ ni wọ́n fi rà á.

Ọjọ́ tí wọ́n ya ìparí náà, iwájú ìsọ̀ wa ni bọ́ọ̀sì wọn gbà kọjá. Wọ́n ń fun fèrè, pósí wà lórí bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé e. Mo dìde, mo fi ara bo iwájú ìsọ̀ kí Sàlímọ́tù má baà wo ìta. Ó ní kí n jókòó, pé òun kò wò ó. Òótọ́ ni, kò wò ó. Ariwo náà kọjá, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Kò pẹ́ tí Àdíját, obìnrin ilé kejì tó wà lára àwọn tó wẹ òkú náà, fi sáré dé. Mo ń ṣẹ́jú sí i pé kó pa ẹnu mọ́, ṣùgbọ́n ó ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe ibikíbi ni wọ́n ti ń ṣe é, pé orí sàréè Falilat gan-an ni, Bàbá Àkíbù ló mú wọn débẹ̀, Adébíyìí sì dúró lé e lórí, ó ń kọrin.

Ọwọ́ Sàlímọ́tù wà nínú àpò títí dé ìgbọ̀nwọ́. Kò yọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yọ ọ́, ó gbọn òwú ara rẹ̀ dànù, ó wé gèlè rẹ̀, ó sì jáde. Mo fà á láṣọ, mo ń bẹ̀ ẹ́. Mo ní ṣebí ìwọ lo ní o kò fẹ́ rí i. Ojú ọ̀nà tààrà ló gbà, èyí tí kò gbà láti ọdún mẹ́ta.

Itẹ́ òkú kún bí ọjà. Àwọn ènìyàn gun orí ògiri, ẹnìkan tilẹ̀ ń ta ẹ̀pà. Bàbá Àkíbù ló kọ́kọ́ rí wa. Ó sáré wá tòun ti ẹ̀wù adájọ́, irun òwú náà sì ti yẹ̀ sí apá kan orí rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì dí ọ̀nà. Ó ní, “Sàlímọ́tù, padà sílé. Èèwọ̀ ni. O ò gbọdọ̀ mọ ibẹ̀.”

Sàlímọ́tù dúró. Kò pariwo. Ó ní, “Bàbá, Làtífù ti mọ sàréè ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ mú un débẹ̀. Ṣé èmi nìkan ló kù tí kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n?”

Àgbàlagbà náà ká ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. A gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo sì rọra tutọ́ sílẹ̀ nítòsí bàtà rẹ̀, kí n má purọ́.

Adébíyìí wà lórí sàréè náà lóòótọ́. Ó wọ aṣọ pupa, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ lérí, ó ń kọrin pé ìfẹ́ ló ti òun débẹ̀. Ìfẹ́! Ibiere jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń dúró de ìgbà tí yóò kàn án. Wọ́n ti fi ẹfun pa á lójú kó lè jọ òkú, wọ́n sì ti fi ọ̀dà pupa kun àpá ìka ọwọ́ ènìyàn sí i lọ́rùn. Sàlímọ́tù rí i. Mo rí ìgbà tó rí i. Ọmọbìnrin náà dìde gìrì, ó fa gèlè rẹ̀ bo ọrùn, ó ń wí pé, “Mama, sorry. Abeg, sorry.” Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni ojú tì.

Sàlímọ́tù kọjú sí Adébíyìí. Ó ní, “Sọ̀ kalẹ̀ lórí ọmọ mi.”

Ó sọ̀ kalẹ̀. Orin ti kú mọ́ ọn lẹ́nu. Sàlímọ́tù wá lóṣòó sí ìdí sàréè náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu koríko, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tìdítìdí, bó ṣe máa ń ṣa èérí kúrò lára òwú. Kò sunkún. Kámẹ́rà Dagogo ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo yíjú, mo rí Adébíyìí tó ń fọwọ́ ṣe àmì sí i pé kó má dá a dúró. Ojú ọkùnrin náà ń tàn. Dagogo sì tẹ̀ síwájú, ó ní, “Mama, abeg, turn face small. Cry small.”

Mo bọ́ bàtà mi, mo jù ú lù ú ní èjìká. Ó kàn mì díẹ̀ ni, ó ń ya nǹkan rẹ̀ lọ. Sàlímọ́tù kò yíjú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wọn títí ó fi tu koríko náà tán.

Wọ́n gbé e jáde lórí tẹlifíṣọ̀n kí ọdún náà tó parí. Àwa kò rí i ní Port Harcourt, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé tó wò ó sọ fún wa. Wọ́n ní Falilat kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Làtífù ló ń sọ̀rọ̀, Làtífù ló ń kọrin, Làtífù ló ń pẹ́ kó tó kú, àwọn tó sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ń nu ojú wọn nítorí rẹ̀. Wọ́n ní ní ìparí, obìnrin kan wà tó kọ ẹ̀yìn, tó ń tu koríko, ẹkún rẹ̀ sì ń dun ènìyàn dé egungun. Ẹkún wo? Ìyàwó Adébíyìí ni wọ́n ní kó sun ún mọ́ ọn. Bàbá Àkíbù wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ wo ara rẹ̀. Ó pe ẹbí, ó pe ará, wọ́n wò ó dé òpin. Wọ́n ti gé e kúrò. Mo rẹ́rìn-ín títí ìfun mi fi ń dùn mí, mi ò sì tọrọ gáfárà.

Ní ti Sàlímọ́tù, ojú ọ̀nà tààrà ló ń gbà lọ sáàárín ìlú báyìí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, á yà síbẹ̀, á tu koríko, á sì máa bọ̀. Bí mo ṣe ń wò ó, mo rò pé ó ti wá dára bẹ́ẹ̀, pé bóyá àṣà yẹn gan-an ló le jù. Mo sọ ọ́ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan nídìí iṣẹ́. Mo ní ó kéré tán, àwọn oníranù yẹn ti jẹ́ kó mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà.

Ó wá ní, “Lóru ọjọ́ tí mo débẹ̀, mo pa ojú dé, mo pè é pé kó wá kí n bá a yọ òwú orí rẹ̀, bí mo ṣe máa ń pè é. Nígbà tó yíjú padà, ọmọ tí wọ́n kun lọ́rùn yẹn ni. Òun ni mò ń rí láti ọjọ́ náà, Àtinúkẹ́. Mi ò rí Falilat mọ́.”

Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n gbé àpò tó kàn fún òun.